Ìrànwọ́ ìjọba fún ìtọ́jú ọmọdé ní Ìbàdàn àtijọ́

Ìrànwọ́ ìjọba fún ìtọ́jú ọmọdé ni owó, oúnjẹ, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ìlera tí ìjọba ń pèsè láti dín ìnáwó òbí kù lórí àwọn ọmọ tí kò tíì lè dá tọ́jú ara wọn. Ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn àtijọ́, ìyẹn Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó, Beyerunka àti àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìrànwọ́ yìí kì í wá gẹ́gẹ́ bí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó ń gbà wọlé: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kíláàsì ọlọ́dún kan ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún alásè. Nítorí náà, ọmọ tí ó ti pé ọdún 5 tàbí 6 ni ó ń rí púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ gbà, nígbà tí ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ọwọ́ ìyá, ìyá àgbà, agbo ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni.

Ìtumọ̀ àti oríṣìí

Ìtọ́jú ọmọdé ju kí a bọ́ ọmọ lọ. Ó kan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọmọ nígbà tí òbí bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ibi tí ọmọ yóò wà, ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò kọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ní iye, yálà ẹnìkan fi owó san án tàbí ó fi àkókò rẹ̀ san án. Nígbà tí ìjọba bá gba apá kan nínú ìnáwó yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni ó sábà máa ń gbà ṣe é.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ́ ilé, kí ó gba olùkọ́, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ láìgba owó. Ọ̀nà kejì ni kí ìjọba san owó fún olùpèsè, ìyẹn ẹni tàbí ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ìtọ́jú náà, gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni kí ìjọba fi owó tàbí ìwé ẹ̀rí ìsanwó lé òbí lọ́wọ́, kí òbí sì yan ibi tí yóò ná an sí.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní àti àléébù tirẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ rọrùn fún òbí láti lóye, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí kò bá sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kò sì fún òbí ní àyè láti yàn. Èkejì ń lo àwọn ènìyàn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó ìjọba bá pẹ́, olùpèsè ni ìyà rẹ̀ ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀kẹta bọ̀wọ̀ fún ìpinnu òbí, ṣùgbọ́n kò wúlò tó bí kò bá sí ilé ìtọ́jú tí ó dára ní àdúgbò, tàbí bí owó náà kò bá tó iye tí ilé ìtọ́jú ń gbà. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé Ìbàdàn lọ́nà kan tàbí òmíràn, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tí kò dọ́gba.

Agbègbè náà

Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Beyerunka wà lára ibi tí ìlú Ìbàdàn ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Agbo ilé ni ó pọ̀ jùlọ níbẹ̀, tí ilé fara kan ilé, tí mọ́gàjí sì jẹ́ olórí ẹbí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, dúró lórí òkè tí ó wà láàárín àwọn àdúgbò wọ̀nyí, ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn sì wà ní Mápó pẹ̀lú. Ọdún 1991 ni ìjọba ológun pín ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ń ṣàkóso ìlú náà sí márùn-ún.

Òwò ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ obìnrin àdúgbò náà. Ẹni tí ó ń ta ata, ẹ̀fọ́, aṣọ tàbí oúnjẹ lójúmọ́ kì í ní ọ̀gá tí yóò fún un ní ìsinmi ìbímọ. Ọjọ́ tí kò bá jáde ni owó kò wọlé. Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ fi jẹ́ ìbéèrè nípa oúnjẹ ilé pẹ̀lú.

Ìtàn

Ṣáájú ìjọba

Kí ó tó di pé ìjọba dá sí i, ẹbí ni ó ń ru ẹrù ìtọ́jú ọmọ. Òwe Yorùbá tí ó ní ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó, kì í ṣe àsọdùn nínú agbo ilé tí ìyá àgbà, ìyàwó ilé àti àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ ti jọ ń gbé. Òwe mìíràn tí ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ fi hàn pé ọjà pàápàá jẹ́ ibi ìtọ́jú ọmọ: ìyá pọn ọmọ, àwọn àgbà tí ó wà ní ìsọ̀ sì ń bá a wò ó. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́njú a máa lọ sí ilé kéwú, níbi tí àfáà ti ń kọ́ wọn, tí òbí sì ń san owó kékeré tàbí kí ó fi oúnjẹ ṣe ìtọrẹ.

Ọ̀kan lára àwọn àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹbí fi san owó ìtọ́jú ọmọ ní Ìbàdàn ni ti ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1853, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí ìlú náà, wọ́n sì kọ́ ilé wọn sí Kúdẹtì. Anna gba àwọn ọmọdé sílé, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn: Akínyẹlé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àti Yéjídé, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Owó ìjọ ni a fi ń gbọ́ bùkátà ilé náà, nítorí náà kò ju ọmọ díẹ̀ lọ tí ó lè gbà.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955

Ìgbà tí ìjọba kọ́kọ́ gba ìnáwó ọmọdé lọ́wọ́ òbí ní gbangba ni ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Stephen Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ni ó gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1952. Iye ọmọ tí ó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n a máa ní kí ọmọ na ọwọ́ kọjá orí. Bí ọwọ́ bá kan etí òdìkejì, a gbà pé ó ti tó ọjọ́ orí ilé-ẹ̀kọ́.

Ọ̀fẹ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Owó orí ni ìjọba fi gbé e ró, ìbínú sì wà. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí àtìlẹ́yìn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí owó orí ń ni lára, ó sì di alága ìgbìmọ̀ ìlú ní 1954. Àwọn àgbẹ̀ kan bẹ̀rù pé ilé-ẹ̀kọ́ yóò gba ọwọ́ tí ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ìjà yìí fi ohun kan hàn tí kò tíì yí padà títí di òní: bí òbí kò bá san owó ìtọ́jú ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ará ìlú yóò san án ní ibòmíràn, ìbéèrè náà sì ni bí a ṣe pín in.

Láti 1976 títí di òde òní

Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ mú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà. Láti 1979 sí 1983, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lára ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fi ń ṣe àfihàn ara wọn. Ní ọdún 1999, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí a mọ̀ sí UBE, òfin rẹ̀ sì jáde ní 2004. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 di òfin tirẹ̀ ní 2006. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ọjọ́ tí ó gba ọ̀pá àṣẹ, Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde pé kí owó ₦3,000 tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba dópin.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Òfin UBE àti kíláàsì ọmọ ọdún 5

Òfin ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè láti 1977 ti mọ ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ aládàáni ni ó fi í sí. Àtúnṣe ìlànà náà tí ó jáde ní 2013 pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ìtọ́jú ọmọ láti ìgbà ìbí títí dé ọdún 4, àti kíláàsì ọlọ́dún kan fún ọmọ ọdún 5 kí ó tó wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì ọlọ́dún kan yìí ni ó di apá ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní láti ní.

Òfin náà ní kí a máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wà nínú àpò ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Apá tí ó tóbi jùlọ nínú rẹ̀ ni a ń pín fún ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè gbà á. Ìpínlẹ̀ tí kò bá rí owó tirẹ̀ san yóò fi owó àpapọ̀ sílẹ̀ ní báńkì. Nígbà tí owó bá sì dé, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń gba ìpín tí ó pọ̀ jùlọ, ti ọmọ wẹ́wẹ́ sì ni ó kéré jùlọ.

Ojúṣe wà fún òbí pẹ̀lú. Òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lè gba ìbáwí ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bákan náà ni òfin de ẹni tí ó bá gba owó fún ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́: ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦10,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì.

Oúnjẹ ọ̀sán nílé-ẹ̀kọ́

Ètò oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó súnmọ́ ètò ìsanwó fún olùpèsè jùlọ ní Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ dán an wò ní ìpínlẹ̀ díẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣun ni ó tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ dáadáa. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ tún un gbé dìde fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jàǹfààní. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni a ṣe é fún, oúnjẹ kan lóòjọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Àwọn alásè jẹ́ obìnrin àdúgbò tí a yàn, tí a sì forúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àkáǹtì báńkì. Ìjọba àpapọ̀ ń san owó tààrà sínú àkáǹtì alásè, láìgba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tí a kọ mọ́ ọn. ₦70 ni iye tí a yàn fún ọmọ kan lóòjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2022, a gbé e sókè sí ₦100. Fún àpẹẹrẹ, alásè tí ó ní ọmọ 60 yóò gba ₦4,200 fún ọjọ́ kan lábẹ́ iye ti àkọ́kọ́, àti ₦6,000 lábẹ́ ti èkejì. Nínú owó yìí ni yóò ti ra oúnjẹ, epo, iyọ̀ àti igi ìdáná tàbí gáàsì, tí yóò sanwó ọkọ̀, tí yóò sì rí èrè tirẹ̀. Ohun tí ó bá kù lẹ́yìn ọjà ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọjà bá wọ́n tí iye náà kò yí, yálà oúnjẹ ọmọ ni yóò dínkù tàbí owó iṣẹ́ alásè.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àwọn ètò ìrànwọ́ láwùjọ rẹ̀ dúró fún àyẹ̀wò, oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lára wọn.

Owó tààrà fún ìdílé

Láti òpin ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣù fún àwọn ìdílé tí òṣì ń bá jà jùlọ, Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe owó ilé ìtọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n òbí lè fi ra oúnjẹ ọmọ tàbí san owó jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tálákà nìkan ni ó lè rí i gbà. Kò sí ọ̀nà tí ìyá lè gbà lọ sí ọ́fíìsì kan kí ó béèrè fún un nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ìlera àti ìsinmi ìbímọ

Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìjọba. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì ya ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Èyí ni ìrànwọ́ tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ń rí gbà jùlọ.

Ní ti iṣẹ́, òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin ní àyè láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbanisíṣẹ́ yóò san ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Òfin yìí kò kan alátà Ọjà'ba, nítorí pé kò sí agbanisíṣẹ́ tí yóò san án.

Ní ti ìdílé

A lè fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé bí ètò wọ̀nyí ṣe ń pàdé ara wọn. Kí a sọ pé ìyá kan ń ta ata ní Ọjà'ba, ó sì ní ọmọ mẹ́ta: ọmọ oṣù 9, ọmọ ọdún 3 àti ọmọ ọdún 7.

Ọmọ ọdún 7 wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìyá rẹ̀ kò san owó ilé-ẹ̀kọ́, bí ètò oúnjẹ bá sì ń lọ, kò ní fún un lówó oúnjẹ ọ̀sán. Bí oúnjẹ kan bá jẹ́ ₦100, iye rẹ̀ jẹ́ ₦500 lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, bàtà, ìwé àti owó ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn ìyá. Ilé-ẹ̀kọ́ a sì máa parí ní ọ̀sán, nígbà tí ọjà ṣì ń gbóná, nítorí náà ọmọ yóò nílò ẹni tí yóò dúró tì í títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ ọdún 3 kò tíì tó kíláàsì ọlọ́dún kan. Ohun tí ó kù fún un ni ìyá àgbà nínú agbo ilé, ilé kéwú, tàbí jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni. Orúkọ jẹ́lé-ó-sinmi fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ilé sinmi. Owó rẹ̀ ni òbí ń san tán. Ọmọ oṣù 9 ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn ìyá lọ́jà, nínú oòrùn àti èéfín ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ohun tí ìjọba fún un.

Àpẹẹrẹ yìí fi bí ètò náà ṣe rí hàn: bí ọmọ ṣe kéré sí, tí ó sì nílò ọwọ́ àgbàlagbà sí, ni ìrànwọ́ ìjọba ṣe ń kéré sí. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, nígbà tí ìyá kì í lè ṣòwò bí ó ti fẹ́, ni àlàfo tí ó tóbi jùlọ. Ẹni tí ó sì sábà máa ń dí àlàfo náà ni ìyá àgbà, tí a kì í san owó fún, tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ obìnrin, tí ó lè pàdánù ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní ti olùpèsè

Olùpèsè mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni olùkọ́ ìjọba, tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ń san owó rẹ̀, yálà ọmọ pọ̀ ní kíláàsì tàbí kò pọ̀. Èkejì ni alásè, tí owó rẹ̀ tẹ̀lé iye ọmọ àti ọjọ́ tí ìjọba bá sanwó. Ẹ̀kẹta ni onílé-ẹ̀kọ́ aládàáni, tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba.

Onílé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, kí ó san owó tí ó yẹ, kí ó sì pèsè yàrá, ìgbọ̀nsẹ̀ àti àyè ìṣeré. Ní àdúgbò tí ilé fara kan ilé bí Bẹẹrẹ tàbí Beyerunka, àyè ìṣeré ṣòro láti rí. Ibi kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ ti ń wọlé ni òbí, àwọn òbí náà sì jẹ́ ẹni tí ń rí owó lójoojúmọ́, kì í ṣe lóṣooṣù. Bí ó bá gbé owó sókè, ọmọ yóò kúrò. Bí ó bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní lè gba olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́. Ìṣòro yìí wà káàkiri ayé, nítorí pé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ nílò àgbàlagbà púpọ̀ fún ọmọ díẹ̀. Òun gan-an ni ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀: iye tí òbí lè san kì í sábà tó iye tí ìtọ́jú tí ó dára ń ná ènìyàn.

Àfiwé pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà ń bá ètò tí ó yàtọ̀ pàdé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4 ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 15 ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, èyí tí ó jẹ́ wákàtí 570. Láti 2017, ọmọ àwọn òbí tí ń ṣiṣẹ́ lè rí wákàtí 30 ní ọjọ́ orí yẹn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, èyí ti bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ oṣù 9. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń san owó náà fún ilé ìtọ́jú tí ó forúkọ sílẹ̀, ní iye kan fún wákàtí kan. Ètò mìíràn tún wà tí ìjọba fi ń fi £2 kún gbogbo £8 tí òbí tí ń ṣiṣẹ́ bá fi pamọ́ fún ìtọ́jú ọmọ, tí kò sì ní ju £2,000 lọ lọ́dún fún ọmọ kan, àyàfi ọmọ tí ó ní àìlera, tí tirẹ̀ tó £4,000. Irú ìwé ìgbélùú tí òbí ní lè dí i lọ́wọ́ láti rí apá kan nínú ìrànwọ́ wọ̀nyí gbà.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1990, tí a tún ṣe ní 2014, ń fún àwọn ìpínlẹ̀ ní owó láti ran àwọn òbí tí owó wọn kò pọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ kéré sí ọdún 13, òbí sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tàbí kí ó máa kọ́ṣẹ́. Òbí sábà máa ń gba ìwé ẹ̀rí ìsanwó, ó sì ń san ìpín kékeré tirẹ̀ fún ilé ìtọ́jú tí ó bá yàn. Lẹ́yìn tí a bá ti gbà á, ó ní ẹ̀tọ́ sí oṣù 12 kí a tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò náà fi àyè sílẹ̀ kí ìpínlẹ̀ lè san owó fún ìbátan ọmọ, títí kan ìyá àgbà, bí ó bá mú àwọn ìlànà ṣẹ. Owó náà kò tó gbogbo àwọn tí ó yẹ fún, nítorí náà ìpínlẹ̀ kan a máa ní ìwé orúkọ àwọn tí ń dúró.

Àríyànjiyàn àti àbá

Àwọn tí ó ń ṣe àtìlẹ́yìn fún ètò ilé-ẹ̀kọ́ sọ pé owó ìjọba kò pọ̀, ibi tí ọmọ pọ̀ sí ni ó sì yẹ kí a ná an sí. Wọ́n tún tọ́ka sí i pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ń fa ọmọ wá sí kíláàsì, ó ń fún obìnrin àdúgbò níṣẹ́, ó sì ń mú ọjà àgbẹ̀ tà. Àwọn tí ó ń ṣe àríwísí sọ pé ètò tí ó lè dúró lójijì nítorí àṣẹ láti Abùjá kì í ṣe ohun tí ìdílé lè gbé ara lé, àti pé iye tí a yàn fún oúnjẹ kan kò bá owó ọjà rìn.

Lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ohun tí àríyànjiyàn náà dá lé ni bóyá kí ìjọba kọ́ ilé tuntun tàbí kí ó lo ohun tí ó ti wà nílẹ̀. Ọjà tí ó ní yàrá ìtọ́jú ọmọ lẹ́bàá ìsọ̀, owó díẹ̀ fún ìyá àgbà tí ó ń tọ́jú ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú agbo ilé, àti ìrànwọ́ fún jẹ́lé-ó-sinmi kéékèèké kí wọ́n lè gba olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ jẹ́ ọ̀nà tí ó ṣeé ronú sí. Èyíkéyìí tí a bá yàn, ìbéèrè ọdún 1955 ṣì wà níbẹ̀: ta ni yóò san án, báwo ni owó náà yóò ṣe máa dé lásìkò, àti ta ni yóò rí i dájú pé ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ ná an ni ó jẹ ẹ́?